Ẹ Kí Mi Tán, Ẹ Sọ Ohun Tí Ẹ Bá Wá

Bí mo bá tan fóònù ilé-iṣẹ́ wa láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà" ló máa ń kún inú rẹ̀. Àwọn èèyàn á ti kí mi jọ kí n tó débi iṣẹ́. Kì í sí ọ̀rọ̀ mìíràn nísàlẹ̀ ìkíni náà. Wọ́n kí mi tán, wọ́n ń dúró kí n dáhùn kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Ṣómólú, l'Ékòó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́ àfi bí wọ́n bá mú iná. Èmi ni mò ń gba iṣẹ́ wọlé: ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, pósítà. Ímeèlì ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, WhatsApp náà wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìwà tí ọmọ aráyé ń hù lórí ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń hù ú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí "Ẹ káàárọ̀ mà" ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó sì kí mi, kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé mo ti dá a lóhùn, mo ti béèrè ilé àti ọmọ, a ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Lórí fóònù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kí mi ní aago méje. Mo dá a lóhùn ní mẹ́jọ ààbọ̀. Òun náà ti wọ mọ́tò, kò rí i títí di ọ̀sán. Lọ́sàn-án, ó kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan ni mà." Mo ní kó béèrè. Ó di alẹ́ kó tó béèrè pé ṣé a máa ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Bẹ́ẹ̀ ni, à ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà wo ni ìsìnkú? Ilẹ̀ tún mọ́ kí èsì tó dé: ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí ni. A ti fi odindi ọjọ́ kan kí ara wa, òkú ò sì ní tìtorí WhatsApp sún ìsìnkú síwájú.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ìkíni o. Ọmọ Yorùbá ni mí, bí wọn ò bá kí mi, inú mi kì í dùn. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ìkíni àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán mi jọ wọlé pa pọ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú ni mo fẹ́ tẹ̀, igba ẹ̀dà, ojú ewé mẹ́rìndínlógún, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ lò ó. Eélòó ni?" Ó parí. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, iye owó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ọmọlúàbí ti ń rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní odindi.

Mo ti fi ẹ̀rọ wá ọgbọ́n dá sí i. WhatsApp Business, èyí tó jáde ní 2018, ní ibi tí èèyàn lè kọ ìkíni sí, tí yóò máa dá ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóhùn fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ kú dédé ìwòyí o, a dúpẹ́ pé ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́, irú iṣẹ́ wo ni, ẹ̀dà mélòó, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lò ó?" Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè náà báyìí. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń kí padà: "Ẹ ṣé mà, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Àwọn tí kì í kí èèyàn rárá tún wà. "How much?" Ó tán. Eélòó ni kí ni? Tàbí kí wọ́n fi fọ́tò káàdì ìpè ẹlòmíì ránṣẹ́, kí wọ́n fi àmì ìbéèrè kan ṣoṣo tì í lẹ́yìn. Mo máa ń dá wọn lóhùn, owó ṣáà ni, àmọ́ mi ò kì í yára. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó jẹ́ pé bó bá dé ṣọ́ọ̀bù yóò kúnlẹ̀ kí ọ̀gá wa, òun náà ni yóò kọ "Price?" lórí fóònù.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe gíráfíìsì fún wa bi mí nígbà kan pé kí ni kí òun máa pe oníbàárà tí òun ò rí rí. Orúkọ tó wà lórí ímeèlì náà ni Ayọ̀délé. Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Àgbàlagbà ni àbí ọmọdé? Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ fi kọ ọ́, "Dear Sir/Ma" ni yóò kọ, kó wá máa retí èyí tí onítọ̀hún máa mú nínú méjèèjì. Mo ní kó fi Yorùbá kọ ọ́ kó sinmi. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àgbà tí wọ́n bá pè ní "ẹ" ò ní bínú, ọmọdé tí wọ́n bá sì pè bẹ́ẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá tẹ ìwé ìwádìí rẹ̀ tilẹ̀ bẹ̀ wá pé, "Ẹ má pè mí ní 'ẹ' mọ́, ọmọ ogún ọdún ni mí." Ọmọkùnrin wa ò jáwọ́. Ó ní ẹni tó bá ti san owó, àgbà ni.

Iṣẹ́ ńlá, orí ímeèlì ló ń gbà wọlé. Ìdí ni pé bí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é, WhatsApp á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, bí a bá wá gbé e sára ìwé, ojú Màmá á di bàìbàì. (Ẹni tó bá jẹ́ WhatsApp náà ló ní, kó fi í ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò.) Ímeèlì tí kò ní àkòrí ló pọ̀ jù. Èyí tó bá ní, "Hello" ni, tàbí "URGENT". Fáìlì inú rẹ̀ ń jẹ́ "final". Lọ́la, "final 2" á dé. Lọ́túnla, "final èyí gan-an". Ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ èyí tó ń sọ. Èmi tí "final" bíi ogójì wà lórí kọ̀ǹpútà mi ńkọ́? Bí oníbàárà bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ pé ká tẹ òmíràn fún ìrántí ọlọ́dún kan, àkòrí ni mo fi ń wá iṣẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí, ó di kí n máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà kan wà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló kọ ọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Àkòrí rẹ̀ ni: "Ìwé ètò ìsìnkú ìyàwó mi, 300 ẹ̀dà, a fẹ́ gbà á ní Ọjọ́rú." Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan méjì ni mo so mọ́ lẹ́tà yìí: ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, àti fọ́tò méje nínú fódà kan. Fọ́tò tí mo pè ní 1 ni kí ó wà níwájú. Orúkọ àwọn ọmọ wà ní ojú ewé kẹta; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì orí wọn, mo ti yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí ó kù ni aago tí ìsìn alẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. N ó fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Bí ẹ bá fẹ́ pè, nọ́ńbà àbúrò mi ni mo kọ sísàlẹ̀, nítorí etí mi kò gbọ́ fóònù dáadáa mọ́. Ẹ kú làálàá."

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló kọ èyí o. Ó sọ iye ohun tó so mọ́ lẹ́tà náà, tí mo fi mọ̀ pé kò sí èyí tó já sọ́nà. Ó sọ ohun tó kù, ó sọ ìgbà tí yóò dé, ó sì dé. Mi ò pè é lẹ́ẹ̀kan títí a fi dì í ní páálí. Lọ́sẹ̀ kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní káàdì ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́rùn kọ̀wé sí wa pé "Kindly find attached." Kò so nǹkan kan mọ́ ọn. Gmail a sì máa kìlọ̀ fún ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ láìso fáìlì. Wọ́n ń tẹ ìkìlọ̀ náà dànù ni. Nígbà tó wá so ó, fáìlì náà ju 25 MB tí Gmail ń gbà lọ, ó di líǹkì Google Drive. Mo tẹ líǹkì, wọ́n ní kí n tọrọ àyè kí n tó wọlé. Mo tọrọ àyè. Ẹni tó ni ín ti lọ sùn. Ẹ̀rọ dúró, ọmọ tó ń wa ẹ̀rọ dúró, bébà wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí èèyàn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀gá wa gbà pé ìkíni kì í pọ̀ jù. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan kan bàjẹ́ lára GTO wa, ẹ̀rọ Heidelberg ti Jámánì tí ẹ máa rí káàkiri Ṣómólú, a sì ní láti kọ̀wé sí ẹnì kan tó ń ta pátì ẹ̀rọ lókè òkun. Ọ̀gá ń pè é, mò ń kọ ọ́. Ó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ó kí ọkùnrin náà, ó kí ìyàwó àti àwọn ọmọ tí kò mọ̀, ó ròyìn bí òun ṣe dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ó ní kí n fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀ kó lè hàn ketekete. Mo ní, "Dádì, bí a bá fi èyí ránṣẹ́, wọ́n á ní ọmọ Yahoo ni wá."

Ó bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ka lẹ́tà ńlá sí ariwo. Ó wà nínú ìlànà tí Sally Hambridge ti ilé-iṣẹ́ Intel kọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, tí wọ́n ń pè ní RFC 1855. Tiwa tún burú sí i, torí lẹ́tà ńlá, àdúrà gígùn àti ìtàn ìgbésí ayé ni àwọn oníjìbìtì fi ń kọ lẹ́tà 419 wọn káàkiri ayé. Wọ́n jí ìkíni wa lò, àwa tó ni ín la wá ń jìyà rẹ̀. Mo bá kọ òmíràn: orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, fọ́tò pátì tó kán, iye tí a fẹ́, ìbéèrè méjì lórí owó àti bí yóò ṣe dé Èkó, orúkọ àti àdírẹ́sì wa, ẹ ṣé o. Ọjọ́ kejì ni èsì dé. "Hi" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sọ iye owó, ó sọ ọjọ́, ó tán.

Ọ̀gá wo fóònù náà lọ, wo fóònù náà bọ̀. "Kò kí mi."

Mo ní, "Dádì, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè yín, ẹyọ kan ò ṣẹ́kù." Ìkíni tiwọn ló ṣe yẹn. Ọ̀gá ò gbà títí dòní, ó ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pátì náà ló ń bá wa ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Cc, ẹ̀dà ímeèlì tí à ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ńkọ́? Àwọn tó ti lo tapuréítà rí mọ ibi tó ti wá: bébà kábọ́ọ̀nù láàárín ìwé méjì, ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni lẹ́tà, ẹ̀dà kan lọ sínú fáìlì. Ó ń náni lówó, ó ń dọ̀tí ọwọ́, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ó ti wá di ọ̀fẹ́ báyìí, gbogbo ayé ló ń gba ẹ̀dà. Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún kan fẹ́ gbé iṣẹ́ wá. Akọ̀wé wọn fi iye owó tí a kọ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, èmi náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́, ó lọ tẹ Reply All, èyí tó ń dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Alága ti fi tiẹ̀ lé owó yìí, ẹ máa wò ó." Alága rí i. Èmi náà rí i. Iṣẹ́ náà ò wá mọ́.

Tiwọn ṣì kéré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan tí ẹnì kan fi dán nǹkan wò lọ bá nǹkan bí 840,000 òṣìṣẹ́ NHS, àjọ ìlera ìjọba wọn, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ wa pọ̀ sí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé "Ẹ yọ orúkọ mi kúrò," ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lọ bá gbogbo wọn, ni ímeèlì wọn bá ń wọ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n Gmail ní Undo Send, tí èèyàn fi lè dá ímeèlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ padà, kó gbá ẹyin náà mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ lọ yí i nínú Settings, torí 5 ló wà bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án.

Voice note, mi ò ní sọ púpọ̀. Ìyá àgbà tí kò lè tẹ fóònù, kó máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ, mo máa gbọ́ ọ dópin. Ẹni tó kàwé tó wá ń ka orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ olóògbé sínú voice note nínú ọkọ̀, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo "Òjótà!" lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ò ṣe dáadáa. Ṣé Shọlá tó ní h ni àbí Ṣọlá tó ní àmì nísàlẹ̀? Àwọn ẹbí lè torí orúkọ kan bára wọn jà níbi òkú, àwa onítẹ̀wé ni wọ́n sì máa dá lẹ́bi.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àtagbà náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ẹbólà, á rántí òru tí fóònù ń dún pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká mu ún, kílẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn mu ún, àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìwé ìròyìn sì gbé e pé ẹ̀mí bá a lọ. Ẹni tó fẹ́ràn wa ló fi ránṣẹ́ sí wa. Bí àǹtí mi bá gbé irú rẹ̀ sínú gúrúùpù ẹbí lónìí, mi ò kì í dá wọn lóhùn níbẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Mo máa ń lọ bá wọn ní ìkọ̀kọ̀: "Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú wa. Èyí tí ẹ gbé wá yẹn, irọ́ ni wọ́n pa fún yín." Wọ́n á pa á rẹ́ fúnra wọn. Ọmọ ìyá mi kan tó máa ń já wọn nírọ́ ní gbangba, wọn ò kí i mọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ikú. Obìnrin kan wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀, a ń yan fọ́tò, ló bá sọ fún mi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Houston ṣe gbọ́. Bàbá kú láàárọ̀. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n ń rò ó bí wọ́n ṣe máa túfọ̀ fún un, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Wọ́n rí ọ̀rẹ́ bàbá kan níbẹ̀ tí wọ́n lè rán, àti pásítọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì á lọ bá a nílé lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á kọ́kọ́ ní ara Bàbá ò le. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í ju òkú lu èèyàn. Àmọ́ kí wọ́n tó débẹ̀, ẹnì kan ládùúgbò ti gbé fọ́tò Bàbá sórí Facebook, "RIP Daddy, gone too soon", ó sì so orúkọ gbogbo ọmọ wọn mọ́ ọn. Ibi iṣẹ́ ni ọkùnrin náà wà tí fóònù rẹ̀ ti dún. Lójú àwọn àlejò tó yí i ká níbẹ̀ ló ti sunkún. Nígbà tí pásítọ̀ dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n bá, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láti lọ gbé e.

Ẹni tó gbé e síta ò ní ibi lọ́kàn, mo gbà. Ó kàn fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ni. Ìkẹ́dùn wo ló wà nínú kéèyàn jẹ́ ẹni àkọ́kọ́? Títí ọmọ olóògbé fi máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹnu wa kò gbọdọ̀ ya síbẹ̀, ìka wa náà ò gbọdọ̀ ya síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́dùn, kó pè, kó lọ síbẹ̀, kó fi owó ránṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ṣe é lófin ní ṣọ́ọ̀bù wa: a kì í gbé pósítà òkú tàbí ìwé ètò kankan sórí Status tàbí Instagram ilé-iṣẹ́, bó ti wù kó rẹwà tó, àfi bí ẹni tó ni òkú bá fọwọ́ sí i, ká sì rí ìfọwọ́sí náà ní kíkọ. Ọmọkùnrin gíráfíìsì wa ò fẹ́ràn òfin yìí rárá. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, òun fi ń polówó, àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kù ládùúgbò ń gbé tiwọn síta lójoojúmọ́. Mo ní kó lọ bá wọn ṣiṣẹ́. Kò lọ, àmọ́ ó ṣì ń kùn.